Apá Mi Ni, Fọlárìn

Jakande Estate, Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2025.

Fọlárìn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ayọ̀ọlá ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó ká ti hù padà? Bí gbogbo yín bá wà dáadáa, ẹ bá mi dúpẹ́. Ara tèmi náà le. Inú ló ń bí mi.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa sọ pé kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù gan-an ni mo ń sá fún. Bí a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwọ á pariwo, èmi á pariwo, káàdì á tán, a ò sì ní rántí ohun tí a torí ẹ̀ pe ara wa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ. N ó kọ tèmi sílẹ̀, Nimotallahi, aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ wa, á yà á ní fọ́tò, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù. Ìwọ náà kọ tìrẹ wá. Ẹni tó ń kọ̀wé kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnìkejì lẹ́nu.

Níbi ìpàdé àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, nọ́ọ̀sì kan wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àgbàlagbà. Ó ní kì í ṣe ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń gba àjẹsára. Ó ní bí èèyàn bá ti ń dàgbà, agbára ara rẹ̀ láti bá àrùn jà á máa dínkù, pé ó yẹ kí irú wa gba ti òtútù àyà, kí a máa gba ti ọ̀fìnkìn líle lọ́dọọdún, kí a sì bi dókítà léèrè èyí tó kù. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ọ̀rọ̀ mi ni obìnrin yẹn ń sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo múra, mo lọ sí ilé ìwòsàn tí o fi orúkọ gbogbo wa sí. Mo tò. Nígbà tó kàn mí, ọmọdébìnrin tó wà nídìí tábìlì wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, "Màmá, ta ló bá yín wá?" Mo ní ẹsẹ̀ mi ló bá mi wá. Ó ní, "Ẹ má bínú Ma, a kì í dá àgbàlagbà lóhùn láìsí ọmọ wọn níbẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwa náà ni wọ́n máa wá bá jà." Bó ṣe pè ọ́ nìyẹn, tó gbé fóònù sí sípíkà, tí gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Ẹ ò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ kankan kan màmá mi! No needle! Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo dìde bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Bàbá kan tó jókòó tì mí ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀, àwọn ọmọ nífẹ̀ẹ́ wa ni." Ìfẹ́ wo? Nígbà tí o wà lọ́mọ oṣù kan àtààbọ̀, ṣé mo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ kí n tó gbé ọ lọ gba àjẹsára?

Pe ibẹ̀ padà, kí o sọ fún wọn pé o ṣe àṣìṣe. Bí ìyẹn bá nira fún ọ, má pè é, n ó wá ọ̀nà mìíràn. Apá mi ni, Fọlárìn.

Ìyá rẹ,
Olúfọlákẹ́ Adéyanjú.


Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ìwé. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ayọ̀ọlá ní kí n sọ fún màmá àgbà pé eyín ti hù, ó sì tóbi ju ẹnu òun lọ.

Ẹ má bínú nípa ti sípíkà. Mi ò mọ̀ pé àwọn èèyàn ń gbọ́, mi ò sì ní dójú tì yín níta láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ, òun náà ni màá sọ lọ́la.

Màámi, ẹ rántí Bàámi. Ọjọ́ Sátidé ni, mo wà nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ẹ pè. Ẹ ní, "Wọ́n gbé bàbá rẹ lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó sùn, kò jí mọ́." Ọdún mẹ́fà rèé, gbólóhùn yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ọkùnrin tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní ara òun dá ṣáṣá. Abẹ́rẹ́ kan péré. Mi ò rí ojú rẹ̀, mi ò sì rí sàárè rẹ̀ títí ìwé ìgbélùú mi fi jáde.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ pé abẹ́rẹ́ kò ní wọ ara ẹni tó jẹ́ tèmi bí mo bá lè dá a dúró. Èmi ni dáwódù yín, èmi ni mo wà nípò Bàámi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà yẹn náà ni mo wà. Ìgbà òtútù ti dé, ọwọ́ wa sì dí, nítorí láti àárọ̀ ni mo ti ń ti àwọn ìyá olóyìnbó lórí kẹ̀kẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn wọn. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá kékeré níbẹ̀, wọ́n sì ń béèrè sátífíkéètì ìwé mẹ́wàá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó nínú àpótí Bàámi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ yín,
Fọlárìn.


Jakande Estate, Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Fọlárìn,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ. Òyìnbó ti ba ìkọ̀wé rẹ jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó mọ ohun tí o ń wí, nígbà tí mo sì mọ̀ ọ́n tán, kò dùn mọ́ mi.

Jẹ́ kí n bi ọ́. Àwọn ìyá olóyìnbó tí o ń tì lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, ṣé o máa ń pe ọmọ wọn kí wọ́n tó gún wọn? Bí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ ikú, kí ló dé tí o fi ń ti ìyá oníyàá lọ bá ikú, tí o sì ń gbowó oṣù lé e lórí? Bí kò bá sì jẹ́ ikú, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?

Fákúnlé, àbúrò bàbá rẹ, tí o rán sí mi dé lánàá, òun àti àlàgbà ìjọ wọn kan. Wọ́n ń mí gùlegùle kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn wa tán. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọmọ ló rán wa. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́." Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ wá síbí kẹ́yìn?" Ó ní, "Ó ti ṣe díẹ̀." Mo ní, "Ọjọ́ tí a ṣe ìrántí ọdún kan bàbá Fọlárìn ni. Nígbà tí mò ń wúkọ́ nínú ọyẹ́ tó kọjá, tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbé omi gòkè fún mi, ẹ ò rí àtẹ̀gùn yìí gùn. Torí abẹ́rẹ́ lẹ ṣe wá gùn ún." Àlàgbà fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ló ń rín. Fákúnlé ní, "Háà, ìyàwó wa, ẹnu yín ò tíì rọ̀ síbẹ̀." Mo fún wọn lómi tútù, mo sì sìn wọ́n dé ìsàlẹ̀.

Má rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́.

Wàsílátù ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ń ta bàtà ọmọdé ní ọjà Bọ́ládé, ti gba tirẹ̀. Alameen ọmọ rẹ̀ ló bá a lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Apá dùn ún fún ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Fọlárìn, ìjàlọ jáni jù bẹ́ẹ̀ lọ." Mo jowú rẹ̀, n kò ní purọ́. Ọmọ tó dúró tì í níbẹ̀ ni mo jowú.

N kò tíì wo inú àpótí. Àpótí yẹn wúwo.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi,

Ẹ káàárọ̀ Ma. Ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Àwọn ìyá olóyìnbó kì í ṣe ìyá mi. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, ọkọ̀ aláìsàn á dé kí a tó ṣẹ́jú. Bí nǹkan bá ṣe yín ní Ìsọlọ̀, ta ni mo fẹ́ pè? Ṣé inú bọ́ọ̀sì náà ni màá tún wà, tí àwọn èèyàn á máa wò mí bí mo ṣe ń ké bí ọmọdé?

Abẹ́rẹ́ ló pa bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá lọ gba abẹ́rẹ́ yìí lẹ́yìn mi, ẹ má pè mí mọ́. Bó bá sì ṣe yín ní nǹkan, ẹ má retí mi níbi ìsìnkú. Mi ò sí níbi àkọ́kọ́, mi ò ní sí níbi ìkejì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Mo ti kọ ọ́, mi ò ní pa á rẹ́.

Ẹ má gbàgbé sátífíkéètì mi.

Fọlárìn.


Jakande Estate, Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Fọlárìn,

N kò kí ọ lónìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìkíni, inú rẹ̀ ni n ó sá pamọ́ sí.

Mo ṣí àpótí bàbá rẹ lánàá. Sátífíkéètì rẹ wà níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Abẹ́ rẹ̀ ni káàdì ilé ìwòsàn bàbá rẹ wà. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé e lé itan, mo rò ó bóyá kí n fà á ya. Lẹ́yìn náà mo ní kí Nimotallahi yà á ní fọ́tò pẹ̀lú. Wo ó dáadáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò títí di ọjọ́ tó kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Bàbá rẹ kò kú lójijì. Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, a rò pé eruku ni. Nígbà tí a lọ, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n fẹ́ dá a dúró. O mọ bàbá rẹ. Ó ní òun tí òun ṣiṣẹ́ Relúwéè fún ọgbọ̀n ọdún, òun ò ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ọlọ́bẹ́ẹ̀dì nítorí ikọ́. A gba oògùn wálé, n kò sì bá a jà. Mo ń fi ròbù pa á láyà, mo ń se àgbo fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Orí àga ló ń sùn, ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè tí kò lópin.

Ọjọ́ tí o bá a sọ̀rọ̀, tó rẹ́rìn-ín fún ọ, èmi ni mo gbé e jókòó. Mo nu ojú rẹ̀, ó sinmi díẹ̀ kó lè ní èémí tó máa fi sọ̀rọ̀. Ó ní ara òun dá ṣáṣá. Bí o ṣe pa fóònù, ó wúkọ́ títí ó fi tọ̀ sára.

Ìwé ìgbélùú rẹ ló wà nílẹ̀ nígbà náà. O ti sọ fún wa pé bí o bá kúrò níbẹ̀ kó tó jáde, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé mọ́. Bàbá rẹ ní, "Má sọ fún un o, á wá." Àwa méjèèjì mọ̀ pé wàá wá. Bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe náà ni: bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, a ó ní ó lọ sóko, bó bá kú, a ó ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun kò gbọdọ̀ gbọ́, kó má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa bọ̀. Bàbá rẹ ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni fóònù wà lọ́wọ́ mi. N kò ní di ẹ̀bi ru òkú.

Abẹ́rẹ́ àárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ̀pa kò bóró mọ́ kí wọ́n tó gún un. Dókítà ti sọ fún mi kí wọ́n tó ṣe é pé a pẹ́ kí a tó dé. Mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ kan fún ọ, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pamọ́. Ìwọ lo ní abẹ́rẹ́ ló pa á. Mo gbọ́ ọ, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rọ̀ mí lọ́rùn. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi tí mo jókòó tì í tí n kò gbé e padà lọ.

Ekòló ni abẹ́rẹ́ yẹn, Fọlárìn. Irọ́ mi ni ejò.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn dárúkọ òtútù àyà níbi ìpàdé wa, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé mi. Kò sọ pé ẹni tó bá gbà á kò ní ṣàìsàn mọ́ láéláé. Ó ní ó ń dín ewu rẹ̀ kù, ìyẹn sì tó mi. Mo gbọ́ bí bàbá rẹ ṣe ń mí, n kò fẹ́ kú irú ikú yẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì mí kó máa gbọ́ ọ.

Bínú sí mi, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Mo bẹ̀ ọ́ fún irọ́ tí mo pa. N kò ní bẹ̀ ọ́ fún abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ gbà.

Ìyá rẹ,
Olúfọlákẹ́.


Jakande Estate, Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2025.

Fọlárìn ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Ṣé o ń jẹun?

Nimotallahi ní àmì méjèèjì ti di búlúù láti ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́, pé o ti kà á. Mo ní kó tún wò ó. Ó ní, "Màmá, a ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá lónìí o. Ẹ jẹ́ kí n rán aṣọ oníbàárà, wọ́n á bú mi."

Tamílọ́rẹ àbúrò rẹ pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní o pe òun, o bi òun bóyá òun mọ̀ nípa àìsàn bàbá yín, òun sì sọ pé òun mọ̀. Ó sunkún. Mo ní kó di gbogbo ẹ̀bi rù mí, ó kọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mò ń lọ. Wàsílátù ní kí Alameen tẹ̀ lé mi, kó sọ fún wọn pé òun lọmọ mi. Mo ní rárá, irọ́ tó wà nílẹ̀ ti tó. N ó dá lọ. N ó ní kí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, n ó sì bi í bóyá òfin kan wà tó ní arúgbó kò ní ara tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n lọ mú ọmọ wá, n ó jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn títí wọn ó fi ti ìlẹ̀kùn. Bí ọjọ́ Ẹtì bá mọ́, n ó tún padà lọ jókòó.

N kò ní kí o gbà fún mi. Mo ń sọ fún ọ kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Láti ìsinsìnyí lọ, bí mo bá wúkọ́ lásán, wàá gbọ́.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá, 2025.

Màámi,

Ẹ káalẹ́. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kí yín.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín nípa Bàámi, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi wá bi mí bóyá ẹnìkan kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi. Ó ní ìgbà wo? Mo ní lónìí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá ẹni tí kò ṣẹ̀ mí jà. Mo gbé nọ́ọ̀sì tó gún Bàámi ṣépè, obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun nìkan ló gbìyànjú láti gbà á là lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi ní láti yọ́ gbé Ayọ̀ọlá lọ gba àjẹsára rẹ̀ lẹ́yìn mi, nígbà tí mo sì gbọ́, mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Ẹ wo ohun tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹ ò jẹ́ kí n yàn. Bóyá ǹ bá wá, bóyá ìwé yẹn ì bá bọ́ lọ́wọ́ mi. Tèmi ni láti pàdánù, kì í ṣe tiyín. Ẹ̀ ń sọ fún mi láti oṣù tó kọjá pé apá yín ni. Bàbá mi ńkọ́, ti ta ni?

Inú ń bí mi. Kò ní tán lọ́sẹ̀ yìí, bóyá ni yóò tán lọ́dún yìí. Mi ò tíì dárí jì yín, ẹ má sì jẹ́ kí Tamílọ́rẹ tàbí Bàbá Fákúnlé sọ pé mo ti dárí jì yín.

Mo pe ilé ìwòsàn láàárọ̀. Mo ní ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n dá a lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ta ló bá a wá. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ yín. Ìjà tó wà láàárín wa pọ̀ gan-an, mi ò sì lè bá sàárè jà á.

Mo ti gbàyè ìsinmi fún oṣù Kejìlá. Ẹ má se oúnjẹ àlejò. Ìjà ni mò ń bọ̀ wá jà.

Fọlárìn.


Jakande Estate, Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, 2025.

Fọlárìn ọmọ mi,

Mo ti gbà á. Ti òtútù àyà wà ní apá òsì, ti ọ̀fìnkìn wà ní apá ọ̀tún, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí n ó padà wá fún èyí tó kù. Ọmọdébìnrin ìdí tábìlì yẹn kí mi lórí ìkúnlẹ̀, n kò mọ ohun tí o sọ fún un. Apá méjèèjì ń ro mí, Nimotallahi ló bá mi fọ aṣọ tí mo bọ́. Ara mi gbóná díẹ̀. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, eruku ni.

O bi mí pé ti ta ni bàbá rẹ. Mo ti gbé e yẹ̀ wò láti ìgbà tí mo ti kà á, mo sì wá ohun tí mo lè fi gbe ara mi lẹ́yìn, n kò rí i. Tìrẹ ni. Ó yẹ kí n pè ọ́.

Má kánjú dárí jì mí. N kò gba abẹ́rẹ́ méjì lóòjọ́ kí ọmọ mi lè fi ìbínú sínú fẹ̀rín sóde fún mi. Bínú tẹ́rùn. Bí oṣù Kejìlá kò bá tó ọ, padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ kí o wá jà á kù.

Máa bọ̀. Mo wà nílé.

Ìyá rẹ,
Olúfọlákẹ́ Adéyanjú.